Igi Kì í Kú Tán: Ọyẹ́, Òjò àti Àwọn Ohun Èlò Onígi Inú Ilé Wa

Orí ewé yìí ni a ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mi dá lórí àga, tábìlì, ibùsùn, àpótí, kọ́bọ́ọ̀dù àti ìlẹ̀kùn wa, ìyẹn gbogbo ohun tí a fi igi ṣe nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà nìkan ni. Bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ó kan owó wa, ó kan ogún tí àwọn òbí fi sílẹ̀ fún wa, ó sì kan ìwà wa sí àwọn tí ó ń bá wa ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Ní oṣù keje ọdún 2021, a ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin. Kánò níhìn-ín ni òun àti ọkọ rẹ̀ yóò máa gbé, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ta kú pé Ìbàdàn ni a ó ti ṣe àwọn ẹrù onígi tí yóò gbé lọ sílé ọkọ. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹbí ọkọ mi láti ìgbà tí baba wọn ti wà láyé. A ní kí ó bá wa ṣe tábìlì ìjẹun kan pẹ̀lú àga mẹ́fà, àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá kan. Ìrókò ni a ní kí ó lò. Nígbà tí ọkọ̀ já ẹrù náà sílẹ̀, ojú tábìlì ń dán bíi dígí, gbogbo ẹni tí ó wá síbi ìgbéyàwó ni ó ń yìn ín. A ti san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ náà. A bẹ káfíńtà pé kí ó ní sùúrù fún èyí tí ó kù títí ìnáwó yóò fi rọlẹ̀, ó sì gbà.

Oṣù kejìlá dé, ọyẹ́ sì dé. Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ wa pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú pé mo jí yín. Nǹkan kan dún pá! nínú pálọ̀ wa bí ẹni pé wọ́n la igi mọ́ tábìlì. A tan iná, a ò rí ẹnì kankan." Ó dún ní òru kejì, ó tún dún ní òru kẹta. Àwọn kan ti ń sọ pé àlùjànnú ni, kí a tètè wá àwọn ààfáà tí yóò wá ṣe àdúà sí ilé náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ohun tí ó ń dún náà fi ara hàn. Ojú tábìlì là láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí owó wẹ́wẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ó le koko láti fà jáde ní ọjọ́ ìgbéyàwó ti ń mì jólójóló. Ẹsẹ̀ àga méjì sì ti tú kúrò nínú ihò wọn.

Mo gbé fóònù, mo pe baba káfíńtà. N kò kí i dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní, "Baba, ṣé irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún ọmọ yín nìyí? Ẹ gba owó ìrókò, ẹ fi igi yẹpẹrẹ ṣe é." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Alhaja, ìrókò ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe là á. N kò jẹ́ rẹ́ Alhaji jẹ láéláé." A kò gbà á gbọ́. A dá owó tí ó kù dúró. Ó dùn mí láti kọ èyí tí ó kàn yìí: mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹbí ní Ìbàdàn, àwọn méjì nínú wọn tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un sì gbé e lọ síbòmíràn. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Máàlàmù kan tí ó jẹ́ káfíńtà ní àdúgbò wa wá tún ìlẹ̀kùn ṣe nílé mi. Hausa ni, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi dé ilé ọmọ mi. Nígbà tí a débẹ̀, kò wo ojú tábìlì náà pẹ́. Ó dà á délẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú lílà náà, ó wá bi mí pé, "Hajiya, ìlú wo ni wọ́n ti ṣe tábìlì yìí? Oṣù wo sì ni?" Mo ní Ìbàdàn ni, ní oṣù keje. Ó mi orí, ó ní, "Igi yìí dára. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ yín jẹ. Omi ni ó jáde kúrò nínú rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni ó sọ mí di ọmọ ilé ìwé igi. Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ pín fún yín, kí ẹ má baà ṣi ẹni ẹlẹ́ni mú bí mo ti ṣe.

Omi Inú Igi

Bí igi bá wà lóòró nínú igbó, omi ni ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, omi inú rẹ̀ lè wúwo ju ìdajì ìwúwo igi náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni omi yìí pín sí. Èkíní wà nínú àwọn ihò tíntìntín inú igi, bí omi ṣe ń wà nínú ìkòkò. Òun ni ó kọ́kọ́ ń gbẹ, gbígbẹ rẹ̀ kì í sì í yí ìwọ̀n igi padà. Èkejì wọ inú ara igi gan-an, bí omi ṣe ń wọ inú ẹ̀wà tí a rẹ. Nígbà tí omi bá ku nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ, omi kejì yìí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ìgbà yẹn ni igi yóò ti máa súnkì.

Kò sì dúró síbẹ̀. Igi tí a ti fi ṣe àga tàbí tábìlì, ì báà ti pé 50 ọdún, ṣì ń bá afẹ́fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ omi. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, igi yóò mu nínú rẹ̀, yóò wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi yóò dá omi padà fún un, yóò súnkì. Ìdí nìyí tí mo fi ní igi kì í kú tán. Bí a bá gé e, tí a là á, tí a fá a, tí a kùn ún, ó ṣì ń mí.

Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí dáadáa. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100, omi inú igi yóò dúró ní nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 65, omi igi yóò dúró ní nǹkan bíi 12. Bí ọ̀rinrin bá já wálẹ̀ sí 30, omi igi yóò wá sí nǹkan bíi 6. Bí ó bá dé 20, omi igi kò ní ju 4 tàbí 5 lọ.

Ẹ wá fi èyí wé ibi tí a ń gbé. Ìlú etí òkun ni Èkó, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń ju 80 lọ ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ nínú ọdún. Ìbàdàn náà kún fún ọ̀rinrin ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n Kánò níhìn-ín jẹ́ ìlú tí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ń fẹ́ lù láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ní ọ̀sán ìgbà ọyẹ́, ọ̀rinrin lè lọ sílẹ̀ sí ìdá 20 nínú 100, ó sì lè rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá wá di oṣù kẹjọ tí òjò dúdú dé, ọ̀rinrin yóò tún gòkè padà. Nítorí náà, igi tí ó wà ní Kánò ń súnkì, ó sì ń wú lọ́dọọdún, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì pọ̀ ju ti Èkó lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ni àwọn ènìyàn wa ti ń gbé àpótí àti ibùsùn wọn gòkè wá. Ẹrù náà kò yí padà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó wá bá níbí yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ó fi sílẹ̀.

Ìdí Tí Ó Fi Ń Là

Ẹ ó bi mí pé, bí igi bá ń súnkì, kí ló dé tí kò kàn súnkì jẹ́ẹ́ láìlà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí igi ṣe ń súnkì. Igi kì í súnkì ní òòró rẹ̀ bí kò ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ní ìbú rẹ̀ ni ó ti ń súnkì. Ìbú pàápàá kò rí bákan náà: pákó tí a là gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òrùka inú igi máa ń súnkì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí a là láti àárín ìtì síta. Èyí ni ó ń jẹ́ kí pákó kan dúró gbọọrọ, kí ìkejì rẹ̀ láti ara igi kan náà sì ká bí ewé gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo tábìlì ọmọ mi. Ìbú rẹ̀ tó 90 sẹ̀ntímítà. Láti inú ọ̀rinrin Ìbàdàn ní oṣù keje dé inú ọyẹ́ Kánò, irú ìbú bẹ́ẹ̀ lè pàdánù tó sẹ̀ntímítà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrókò wà lára àwọn igi tí kì í súnkì púpọ̀. Kò bá má burú bí ojú tábìlì náà bá ní àyè láti rìn. Ṣùgbọ́n baba káfíńtà ti fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kàn án mọ́ férémù abẹ́ rẹ̀ yíká. Férémù kò súnkì, nítorí òòró igi ni ó tẹ̀lé. Ojú tábìlì fẹ́ súnkì, wọn kò jẹ́ kí ó lọ. Ohun tí ó fẹ́ rìn tí a dè mọ́lẹ̀, ibi tí ó ti rọ̀ jù ni yóò ti já. Ariwo tí àwọn ọmọ gbọ́ lóru kì í ṣe ti àlùjànnú. Igi tí ó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ka Kùránì lórí wàláà ní kékeré yóò rántí nǹkan kan. Nígbà tí a bá fọ tàdáwà kúrò lójú wàláà, ààfáà wa kì í jẹ́ kí a sá a sí ojú oòrùn gangan. Wọn yóò ní kí a fi ti ògiri níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kánjú, tí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn, yóò bá a ní kíká. Ojú tí oòrùn rí ti gbẹ, ó ti súnkì. Ojú tí ó kọ sí ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú igi ni ààfáà ń kọ́ wa nígbà náà, a kàn rò pé wọ́n ń fìyà jẹ wá ni.

Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Fún Káfíńtà

Èkíní, ẹ sọ ibi tí ẹrù náà ń lọ. Ohun tí a kò ṣe nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Kánò, Sókótó, Màídúgùrì tàbí Kàtsínà ni, ẹ jẹ́ kí káfíńtà mọ̀ kí ó tó fi ayùn kan pákó.

Èkejì, ẹ bèèrè bí pákó ṣe gbẹ tó. Pákó tí wọ́n là ní oṣù tó kọjá ṣì tutù nínú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Èyí tí wọ́n tò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá, dára jù. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí a ń fi kan igi, tí yóò sọ ìwọ̀n omi tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ olówó ńlá, kò burú kí ẹ bèèrè bóyá káfíńtà yín ní in.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a ra pákó náà wá sí ìlú tí a ó ti lò ó, kí ó sinmi níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó fi ṣiṣẹ́. Kí igi ti súnkì tán kí a tó wọn ọ́n sàn ju kí ó súnkì lẹ́yìn tí a ti kàn án.

Ẹ̀kẹrin ni irú igi. Ìrókò, tíìkì àti ọ̀ganwó kì í yí padà púpọ̀ bí ọ̀rinrin bá yí padà. Àwọn ará ìhín ní igi kan tí wọ́n ń pè ní maɗaci. Ọ̀kan nínú ìdílé ọ̀ganwó ni, inú ilẹ̀ gbígbẹ ni ó sì ti ń hù. Ní ti pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ní ìpele ìpele tí a ń pè ní plywood, ìpele kan dábùú èkejì, ìdí nìyẹn tí kì í fi súnkì púpọ̀ ní ìbú. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní MDF, kì í là nínú ọyẹ́ bíi pákó gidi, ṣùgbọ́n bí omi bá dà sí etí rẹ̀ tàbí tí ẹ fi sí ilẹ̀ tútù, yóò wú bíi búrẹ́dì, kì í sì í padà sí bí ó ti wà mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ní kí wọ́n fi àyè ìrìn sílẹ̀ fún igi. Ojú tábìlì kò gbọdọ̀ jẹ́ kíkàn mọ́ férémù pinpin. Ìdè onískúrù tí ihò rẹ̀ gùn díẹ̀ ni a fi ń mú un, kí ó lè sún síwá sẹ́yìn. Pákó àárín ìlẹ̀kùn gbọdọ̀ wọ inú kòtò férémù láìsí gọ́ọ̀mù. Kí wọ́n sì kun abẹ́ àti ẹ̀yìn igi pẹ̀lú, kì í ṣe ojú tí àlejò yóò rí nìkan. Fáníìṣì kì í dá omi dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ó rọra wọlé, kí ó sì rọra jáde. Bí ojú kan bá ní in tí èkejì kò ní, igi yóò ká bíi wàláà ọmọ oníkánjú.

Ìtọ́jú Ní Ìgbà Ọyẹ́

Ẹ sún àga àti tábìlì kúrò níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń lù wọ́n, kúrò níwájú ẹ̀rọ amúlétutù, àti kúrò nítòsí ìdáná. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ ilé. Bí ó bá ń fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù tààrà, ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ là. Ẹ ti fèrèsé ní ọ̀sán nígbà tí ọyẹ́ bá ń jà. Abọ́ omi ẹlẹ́nu gbígbòòrò ní igun yàrá ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ kéékèèké má baà dé ibẹ̀.

Ẹ má ṣe da omi sí igi nítorí pé ó gbẹ. Aṣọ tí ó rẹ fún omi yóò mú kí ojú rẹ̀ wú kíákíá, kí ó sì tún súnkì kíákíá, èyí sì burú ju gbígbẹ lọ. Aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ tó láti fi nu eruku ọyẹ́. Ẹ má sì fi òróró ẹ̀pà inú ilé ìdáná pa á lára: kì í gbẹ, yóò di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku yóò sì bò ó. Ìda tí wọ́n ṣe fún ohun èlò onígi ni kí ẹ lò.

Bí igi bá là, ẹ má kánjú láti fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù dí i ní àárín ọyẹ́. Bí òjò bá dé, igi yóò wú, kò ní rí àyè padà sí ipò rẹ̀, yóò sì tún là níbòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí káfíńtà wo ohun tí ó dè é mọ́lẹ̀, kí ó tú ìdè náà.

Ìtọ́jú Ní Ìgbà Òjò

Ní ìgbà òjò, dúrọ́ọ̀ yóò le, ìlẹ̀kùn yóò sì máa ha ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pe káfíńtà kí ó wá fá a. Ẹ ní sùúrù. Ìlẹ̀kùn tí a fá ní oṣù kẹjọ títí ó fi bá ẹnu ọ̀nà mu, ní oṣù kìn-ín-ní ni ẹ ó rí àlàfo tí alángbá lè gbà wọlé. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ ná. Bí ó bá di dandan kí a fá a, kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá ògiri tí òjò ń lù láti ìta. Ẹ fi nǹkan sí abẹ́ ẹsẹ̀ àpótí kí ó má baà jókòó lórí ilẹ̀ tútù. Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá kọjá ìdá 20 nínú 100 kì í sábà jẹrà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń mu omi láti ilẹ̀ yóò jẹrà, ikán yóò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ máa ṣí àpótí aṣọ ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kíkúnná lábẹ́ àga, tí ẹ sì rí ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, kì í ṣe ojú ọjọ́ ni; kòkòrò ni, ẹ tètè gbé e síta kúrò láàárín àwọn yòókù.

Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀

Máàlàmù tú tábìlì náà. Ó yọ ìṣó, ó fi ìfági tún ojú lílà náà ṣe, ó tún un lẹ̀, ó sì fi ìdè tí ó ní àyè ìrìn mú un mọ́ férémù. Ọyẹ́ mélòó kan ti kọjá láti ìgbà náà, tábìlì náà kò tún là mọ́.

Ṣùgbọ́n tábìlì kọ́ ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa owó òṣìṣẹ́ àti nípa èrò búburú sí ẹnìkejì ẹni. Nígbà tí a lọ sílé fún Iléyá ọdún 2022, èmi àti Alhaji gba ilé iṣẹ́ baba káfíńtà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Baba, ẹ dárí jì wá. Òtítọ́ ni ẹ sọ." A san owó tí ó kù pé pérépéré. Baba gbé mi dìde. Ó ní, "Alhaja, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò sọ fún mi pé Kánò ló ń lọ. Mo rò pé ilé yín ní Ìbàdàn níbí ni. Ká ní mo mọ̀ ni, n kò ní kàn án pa bẹ́ẹ̀." Ẹ wò ó: kò purọ́, àwa náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò sọ ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé àwọn ẹbí méjèèjì tí mo ti ba baba náà jẹ́ lójú wọn, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ó nira ju ìkúnlẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti tún gbé iṣẹ́ lọ bá a láti ìgbà náà. Èkejì kò lọ mọ́, nítorí ó ti rí káfíńtà mìíràn. Èyí tí ó bà jẹ́ níbẹ̀, n kò lè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nígbà tí igi bá dún nílé yín ní òru ọyẹ́ yìí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì kánjú bú ẹnikẹ́ni. Ẹ tan iná, ẹ wo ibi tí ó ti dún. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bi igi náà ní ìbéèrè tí Máàlàmù bi mí: ìlú wo ni ó ti wá, oṣù wo sì ni wọ́n ṣe é? Lẹ́yìn náà, bí ó bá kan fóònù, kí ẹ kọ́kọ́ kí baba náà dáadáa.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé wa, kí Ó sì ṣọ́ ẹnu wa. Ó di ìgbà mìíràn. Má-a-sàlámù.